Bí A Ṣe Ń Po Amọ̀ fún Ìṣaasùn àti Àmù

Amọ̀ tí a bù wá láti etí odò, bó ti wù kó dán tó lọ́wọ́, kò tíì di amọ̀ ìkòkò. Nígbà tí ìkòkò bá sán lórí iná, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ a máa dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò mọ ọ́n dáadáa, bẹ́ẹ̀ ibi tí a ti po amọ̀ gan-an ni ìkòkò náà ti sán, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín ni bí a ṣe ń po amọ̀ fún irú ìkòkò tí a ń fi ọwọ́ mọ, tí a sì ń fi igi àti koríko sun ní gbangba, irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń ṣe ní agbo ilé Dada ní Òkèlele ní Ìlọrin, ní Ìpetumọ̀dù, àti ní Ìsàn-Èkìtì. N kò sọ pé bí èmi ṣe ń ṣe é ni gbogbo wọn ń ṣe é. Odò kọ̀ọ̀kan ló ní amọ̀ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ìdánwò ju ìwọ̀n lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí amọ̀ nìkan kò fi tó. Amọ̀ jẹ́ àkójọ ìpẹ́ẹ́pẹ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n pẹlẹbẹ bí ìwé, tí omi sì wà láàárín wọn. Omi yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn, òun náà ló ń jẹ́ kí amọ̀ fà. Bí omi bá ti ń gbẹ, wọ́n á máa sún mọ́ ara wọn, ìkòkò á sì máa súnkì. Bí ẹ̀yìn ìkòkò bá gbẹ ṣáájú inú rẹ̀, apá kan á ti súnkì tán nígbà tí apá kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti ya. Bí ó bá wá bọ́ nínú èyí, iná ń dúró dè é: omi tí ó ṣẹ́kù á di oru tí 100°C bá kọjá, omi mìíràn tí ó ti di ara amọ̀ fúnra rẹ̀ á tún jáde láàárín nǹkan bí 450°C sí 600°C, iná koríko sì lè dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oru tí kò bá rí ọ̀nà jáde ló ń bú ìkòkò.

Àwọn àgbà béèrè pé ta ló tó ko iná lójú, wọ́n sì dáhùn pé àpáàdì ni. Lẹ́nu ẹlòmíràn, òwe ni ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́nu amọ̀kòkò, ìmọ̀ iṣẹ́ ni. Àpáàdì ti súnkì rí, ó ti gbóná rí, kò sí ohun tuntun tí iná lè bá a ṣe mọ́. Bí a bá gún un tí a pò ó mọ́ amọ̀ tútù, yóò dúró bí òpó láàárín àwọn ìpẹ́ẹ́pẹ́ wọ̀nyẹn, yóò dín sísúnkì kù, yóò la ọ̀nà kékeré fún oru láti jáde, bí ìlà sísán kan bá sì bẹ̀rẹ̀, yóò dá a dúró kí ó tó sáré jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: yíyan amọ̀

Ní àkùrọ̀ tàbí létí odò, ẹ kọ́kọ́ kó ilẹ̀ òkè kúrò títí tí ẹ kò fi ní rí gbòǹgbò koríko mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọ̀ amọ̀ tútù tàn yín. Amọ̀ tó dúdú lè funfun tàbí kí ó pọ́n lẹ́yìn iná, nítorí ewéko jíjẹrà ló sọ ọ́ di dúdú, iná á sì jó o kúrò. Èyí tó pọ́n tàbí tó rí bí ìyeyè ní irin nínú, pupa ni yóò sì jáde bí afẹ́fẹ́ bá kàn án dáadáa lásìkò sísun.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, ẹ yí i gọbọi bí ìka ọwọ́, kí ẹ wá ká a mọ́ ìka yín. Bí ó bá já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iyanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá ká láìsán rárá, àmọ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè, amọ̀ tó fà jù ni, yóò súnkì gan-an, yóò sì nílò àpáàdì púpọ̀. Èyí tó ká tí ó sì sán díẹ̀díẹ̀ lójú ni mo fẹ́ràn jù lọ.

Ìdánwò kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, èmi náà sì fò ó rí. Ẹ jù ẹyọ amọ̀ gbígbẹ kan sínú fínígà. Bí ó bá ń hó ṣìì, ẹfun òkúta tàbí ìkarahun ìgbín wà nínú rẹ̀. Bí a bá sun irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí ooru fi kọjá nǹkan bí 800°C, ẹfun náà á di ẹfun gbígbóná tí í máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á wú, á sì máa ta ìkòkò sọnù ní ìpẹ́ ìpẹ́. Mo bu amọ̀ lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà kan, n kò sì wò ó pé wọ́n ti da ìdọ̀tí simẹ́ńtì síbẹ̀. Àwọn àwo náà jáde nínú iná láìlábàwọ́n, mo ti ń yangàn kiri, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà pàrà lórí pákó. Ẹ sá fún ibi ìkọ́lé.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbígbẹ, rírẹ àti sísẹ́

Ẹ sá amọ̀ náà títí yóò fi gbẹ pátápátá, kí ẹ sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí èkùrọ́. Gbígbẹ yìí ṣe kókó ju bí ó ti jọ lọ. Bí ẹyọ amọ̀ gbígbẹ bá bọ́ sínú omi, omi á wọ inú àwọn ihò rẹ̀ kíákíá, á lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹyọ náà á sì tú ká fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó ṣì rin kò ní ihò tó ṣófo tí omi lè sáré wọ̀, yóò kàn jókòó síbẹ̀ bí òkúta fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Inú omi ni kí ẹ da amọ̀ sí, kí ẹ má ṣe da omi lé amọ̀ lórí. Kí omi borí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìrò ó. Ẹni tí kò bá ní sùúrù tí ó bá ń rò ó lójú ẹsẹ̀ á sọ òde ẹyọ kọ̀ọ̀kan di àtè, omi kò sì ní ráyè wọ inú mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ wá sẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Aṣọ ògì dí jù fún iṣẹ́ yìí; nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a ṣẹ́ po sí méjì tó láti mú òkúta, gbòǹgbò àti ìkarahun kúrò. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, kí ẹ sì da ìyókù sínú àpò ìrẹsì tí ẹ ó so kọ́ tàbí tẹ́ sórí iyanrìn, títí tí yóò fi le tó ohun tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Àwọn kan a máa dà á sórí POP, ìyẹn ohun funfun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ àjà ilé, kí ó lè tètè gbẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rún POP kan bá bọ́ sínú amọ̀, ohun tí ẹfun ìgbín ń ṣe ni yóò ṣe.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a gún amọ̀ gbígbẹ nínú odó, kí a kù ú bí èlùbọ́, kí a sì pò ó mọ́ àpáàdì kí omi tó kàn án. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì rọrùn láti mọ̀. Ohun tí mo kórìíra nínú rẹ̀ ni eruku. Eruku amọ̀ àti ti iyanrìn ní ẹ̀rún kéékèèké tí í máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í sì í jáde mọ́ títí ayé ẹni. Ẹni tí yóò bá gbà á ṣe, kí ó bo imú dáadáa, kí ó ṣe é ní ìta, kí ó sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ dípò ìgbálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí a ń pò mọ́ ọn

Àpáàdì ni mo kọ́kọ́ ń wá. Àfọ́kù ìkòkò tí a sun ní gbangba ló dára jù. Kí ẹ yẹra fún àfọ́kù àwo dídán ti ọjà àti búlọ́ọ̀kù oní-simẹ́ńtì. Ẹ gún un nínú odó àtijọ́ tí ẹ kò fi gún oúnjẹ mọ́, ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n ọn kí eruku má baà sọ, kí ẹ sá a, kí ẹ sì kù ú. Èyí tí hóró rẹ̀ tó ti gààrì ni a ń lò fún ìkòkò ńlá. Èyí tó kúnná díẹ̀ sí i ni ti àwo. Kò sí àfọ́kù tí a ń dànù níbi iṣẹ́ yìí, ó dà bí ti Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, níbi tí wọ́n ti to àpáàdì sójú ilẹ̀ ní ìdúró, ní ìlà ìlà, títí dòní tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń rí i.

Iyanrìn odò náà ń ṣiṣẹ́, ó sì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é fọkàn tán bí àpáàdì. Òkúta funfun tí ó pọ̀ nínú iyanrìn ní ìwà kan: bí ooru bá dé 573°C, á fẹ̀ lójijì, bí ó bá sì ń tutù bọ̀, á tún padà súnkì níbẹ̀ kan náà. Ìṣaasùn tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù, tí a sì gbé jáde nínú iná ṣáájú àkókò, lè sán nígbà tí ó ń tutù, kí ẹni tó sun ún sì máa wá ohun tí òun ṣe tí kò dára. Iyanrìn etí òkun kò yẹ rárá, nítorí iyọ̀ àti ìkarahun wà nínú rẹ̀.

Ní ti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tàbí ìyàngbò, iná á jó wọn tán, wọn á sì fi ihò sílẹ̀. Àmù tí ó ní díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa mú omi tutù, nítorí omi ń sun jáde lára rẹ̀, ó sì ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Ó tún máa ń tètè fọ́. Ìdá kan nínú ogún ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wíwọ̀n

Gbogbo ìwọ̀n tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwọ̀n gbígbẹ ni, kóńgò kan náà sì ni kí a fi wọn ohun gbogbo. Fún àwo àti ohun kékeré, kóńgò amọ̀ 9 sí àpáàdì 1. Fún àmù àti ìkòkò ńlá tí ara wọn nípọn, amọ̀ 4 sí àpáàdì 1. Fún ìṣaasùn, amọ̀ 7 sí àpáàdì 3, nítorí ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì tutù. Àpòpọ̀ tí kò ní àyè nínú kò lè fara da irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí. Ìdánwò ni yóò sọ bóyá ẹ ó fi kún un tàbí ẹ ó dín in kù.

Bí amọ̀ bá ti wà ní tútù lẹ́yìn sísẹ́, a gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n amọ̀ tó wà nínú rẹ̀ gan-an, nítorí omi náà ń tẹ̀wọ̀n. Ẹ gé kìlógíráàmù 1 kúrò lára rẹ̀, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n. Ká ní ó di gíráàmù 750, a jẹ́ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni amọ̀. Bí ẹ bá wá ní kìlógíráàmù 20 ní tútù, amọ̀ gbígbẹ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 15. Fún àmù, ẹ pín 15 sí mẹ́rin: kìlógíráàmù 3.75 àpáàdì ni yóò wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí, tí ó sì bu àpáàdì 5 sí amọ̀ tútù 20, ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kọjá ààlà láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pípò

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tu àpáàdì náà lójú. Àpáàdì gbígbẹ a máa fa omi kúrò lára amọ̀ lójú ẹsẹ̀, ibi tí ó bá kàn á le, àpòpọ̀ náà á sì máa rún.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ tàpólì tàbí àpò ìdọ̀họ sílẹ̀, ẹ tẹ́ amọ̀ lé e lórí kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, kí ẹ sì wọ́n àpáàdì sí i bí ẹni tó ń wọ́n iyọ̀ sẹ́ran. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti etí bọ̀ sí àárín, ní yíyí po. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé àárín, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ tún wọ́n àpáàdì sí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Àpáàdì kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹsẹ̀ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, kì í ṣe nítorí agbára nìkan. Àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń mọ òkúta kékeré tí nẹ́ẹ̀tì kò mú, ó sì ń mọ ibi tí amọ̀ ṣì le. Mo ti rí ẹ̀rọ tí ń po amọ̀, n kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ń sọ fún ni pé òkúta kan wà lábẹ́ òun.

Nígbà tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ bù ú ní ìwọ̀n tí ọwọ́ yín lè gbé, ẹ nà án mọ́ pákó, ẹ fi wáyà tín-ín-rín gé e sí méjì, kí ẹ sì wo ojú tí ẹ gé. Bí ihò afẹ́fẹ́ bá wà, tàbí tí ẹ rí ibi tí àpáàdì kó jọ sí tí ibòmíràn sì ṣófo, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ gbé apá kan lé èkejì, ẹ nà wọ́n mọ́ pákó, ẹ tún gé e. Ó di ìgbà tí ojú méjèèjì bá rí bákan náà kí ẹ tó fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìsinmi

Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbé e sí ibi òjìji, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi á ráyè dé ibi gbogbo, amọ̀ á sì máa fà sí i. Bí ó bá ń rùn, ẹ má bẹ̀rù, ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń bu omi ògì kíkan bí ife kan sí kìlógíráàmù 20, nítorí ohun kíkan máa ń jẹ́ kí àwọn ìpẹ́ẹ́pẹ́ amọ̀ di ara wọn mú. Fínígà díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo tún máa ń po amọ̀ àtijọ́ díẹ̀ mọ́ tuntun.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdánwò

Ẹ ṣe ègé amọ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta kí wọ́n gùn ní sẹ̀ǹtímítà 14, kí wọ́n fẹ̀ ní 4, kí wọ́n sì nípọn ní 1. Ẹ fi ọ̀bẹ àti rúlà fa ìlà tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 gééré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú, kí ẹ sì máa yí wọn padà bí wọ́n bá ti ń gbẹ kí wọ́n má baà tẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ tán, ẹ tún ìlà náà wọ̀n. Bí ó bá di 9.3, amọ̀ yín ti súnkì ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dára fún ìkòkò. Bí ó bá kọjá ìdá 10, ẹ fi àpáàdì kún un. Bí kò bá tó ìdá 4, tí amọ̀ náà sì ń já nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, àpáàdì ti pọ̀ jù, ẹ wá amọ̀ tó fà kún un.

Ẹni tí ó ní amọ̀ oríṣi méjì, bí àpẹẹrẹ pupa láti àkùrọ̀ àti kàólìnì, ìyẹn amọ̀ funfun, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kí ó má ṣe máa méfò. Kí ó po márùn-ún: èyí tó jẹ́ pupa nìkan, 75 sí 25, 50 sí 50, 25 sí 75, àti funfun nìkan, kí ó sì ṣe ègé amọ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó fi ìṣó kọ nọ́ńbà sí wọn lára nígbà tí wọ́n ṣì tutù, nítorí yíǹkì á jó nínú iná.

Ẹ sun wọ́n pa pọ̀ pẹ̀lú ìkòkò tòótọ́, nínú iná kan náà. Lẹ́yìn iná, ẹ wọ̀n wọ́n ní gbígbẹ, ẹ sè wọ́n nínú omi fún wákàtí méjì, ẹ nu wọ́n, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 200 tí ó wá di 230 ti mu omi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún àmù, mímu omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àbùkù, òun ló ń mú omi tutù. Fún ìṣaasùn pẹ̀lú, ihò wọ̀nyẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ iná. Fún àwo tí a fẹ́ fi jẹun ni a ti ń wá èyí tó kéré, èyí sì ń béèrè iná tó ju ti gbangba lọ.

Ọ̀rọ̀ iná tó ga yìí ló kù. Nígbà tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja òde òní, ní ọdún 1952, iná ibẹ̀ ń lọ sókè dé nǹkan bí 1,300°C. Ladi Kwali, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn náírà 20, dé ibẹ̀ ní 1954 pẹ̀lú ọwọ́ ìkòkò mímọ tí ó ti kọ́ nílé. Ó ń mọ irú ìkòkò omi tí ó ti ń mọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ amọ̀ tí ó fi ń mọ ọ́n yí padà, nítorí amọ̀ pupa tó ń jáde láìfarapa nínú iná koríko á wú, á sì yọ́ sílẹ̀ ní irú ooru bẹ́ẹ̀. Kàólìnì ni a fi ń mú kí amọ̀ fara da a, feldspar, òkúta kan tí ń yọ́ nínú iná gíga, irú èyí tó wà ní Ìjerò-Èkìtì, ni a sì fi ń mú kí ihò rẹ̀ dí. Nítorí náà, bí ẹ bá yí iná padà lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe gbé àpòpọ̀ tẹ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀ lásán. Ẹ fi ègé amọ̀ kan ṣoṣo dán an wò, kí ẹ sì gbé e sínú àfọ́kù ìkòkò kan, kí ó má baà yọ́ sórí ohun ẹlòmíràn.